Ìyá Àgbà Ló Di Ife Omi Mú

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Sokoura, bí ọmọ tuntun bá dé, ohun kan wà tí kì í pẹ́ dé ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn ọmú: omi. Wọ́n á ní oòrùn Bouaké ti mú jù, ọ̀fun ọmọ ti gbẹ, ṣé ẹ kò rí i bó ṣe ń lá ètè ni? Ṣíbí kékeré kan ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Omi tí wọ́n sè, tàbí omi inú ọ̀rá, tàbí èyí tí wọ́n bù nínú korobá. Lẹ́yìn omi, àgbo. Lẹ́yìn àgbo, rọ́bà kékeré tí àwọn ará Côte d'Ivoire ń pè ní poire, tí wọ́n fi ń fún omi ata àti atalẹ̀ sí ìdí ọmọ kí inú rẹ̀ lè mọ́. Bí ẹ bá bi ìyá ọmọ léèrè, yóò dá yín lóhùn pé ọmú lòun ń fún un. Kò purọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Côte d'Ivoire kì í ṣe ilẹ̀ tí àwọn obìnrin ti ń kọ̀ láti fún ọmọ lọ́mú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ìlera àwọn ará ìlú ní 2011 sí 2012, nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, bí 12 péré ni wọ́n ń fún ní ọmú nìkan, láìfi omi tàbí ohun mìíràn kún un. Nígbà tí wọ́n tún ṣe é ní 2021, iye náà ti gòkè dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìlọsíwájú ni, kò yẹ ká fojú kéré e. Síbẹ̀, nínú ọmọ mẹ́ta, méjì ṣì ń mu ohun tí kò yẹ kó tíì dé ẹnu wọn. Kí ọmọ Nàìjíríà tó ń ka èyí má sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín: ìwádìí tiwa ní 2018 sọ pé 29 nínú 100 ni. Ọ̀rọ̀ kékeré kan, "nìkan", ló fa gbogbo wàhálà yìí.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́. Láti 2019 ni UNICEF, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Alive & Thrive ti ń polongo káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà pé ọmú ìyá nìkan tó fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kí a má ṣe bu omi lé e. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Ohun tí mo ń bá irú ìpolongo bẹ́ẹ̀ jà lé lórí ni ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá ọmọ ni gbogbo wa ń bá wí: lọ́jọ́ tó lọ yẹ oyún wò, lọ́jọ́ tó bímọ, lọ́jọ́ tó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó ń mi orí, ó ń sọ pé òun ti gbọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá ọmọ kọ́ ló di ife omi mú. Ìyá àgbà ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ omi náà. Bí a bá pín omi ọmú sí ọ̀nà 100, bí 87 tàbí 88 nínú rẹ̀ ló jẹ́ omi lásán. Èyí tó ń kọ́kọ́ ṣàn bí ọmọ bá gbé ẹnu lé e fẹ́lẹ́, òun ló ń pa òùngbẹ. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́ràá jù ú lọ. Ní 1990, Almroth àti Bidinger gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde láti ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí oòrùn ti mú hanhan tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ. Wọ́n yẹ ìtọ̀ àwọn ọmọ tó ń mu ọmú nìkan wò, wọ́n sì rí i pé òùngbẹ kò gbẹ wọ́n, wọn kò nílò omi mìíràn.

Àwọn èdè tí wọ́n ń sọ ní Sokoura ti mọ èyí tipẹ́. Èdè Dioula ló fún àdúgbò náà lórúkọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìlú tuntun. Dioula yìí kan náà ló ń pe ohun tó ń jáde láti ọmú ìyá ní sinji: sin ni ọmú, ji ni omi. Àwa Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Anago lọ́hùn-ún, ń pè é ní omi ọyàn. Èdè méjì tí kò gbọ́ ara wọn, wọ́n wo ohun kan náà, wọ́n sì pè é ní omi. Kí ni a wá tún ń bu omi lé omi fún?

Ohun tí ṣíbí omi yẹn ń ṣe kò hàn lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀bi rẹ̀ kì í fi í dé orí rẹ̀. Ikùn ọmọ tuntun kò tóbi rárá. Omi tó bá kún un ti gba ipò ọmú. Ọmọ á dákẹ́, á sùn, gbogbo ilé á ní ara ti tù ú. Ebi ló sùn lé lórí. Ọmú náà sì ní òfin tirẹ̀: bí ọmọ bá ṣe ń fà á tó ni yóò ṣe máa wá tó. Ọmọ tó ti yó fún omi kò ní fà á dáadáa, ọmú tí ọmọ kò sì fà á dín kù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìyá àgbà á ní, "Ṣé mo sọ ọ́ àbí n kò sọ ọ́? Ọmú ìyàwó yìí kò tó ọmọ." Wọ́n á ránṣẹ́ lọ ra wàrà inú agolo. Ife omi ló lé ọmú lọ, ọmú ni wọ́n dá lẹ́bi, ìyá ọmọ ló sì ń sunkún ní kọ̀rọ̀ pé ara òun kò ṣe bí ara àwọn obìnrin yòókù.

Omi wo gan-an la tilẹ̀ ń sọ? Ẹni tó bá wà ní Bouaké ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ ọdún 2018 kò ní gbàgbé. Adágún Loka, tí apá tó pọ̀ jù nínú omi ìlú náà ti ń wá, gbẹ. Ẹ̀rọ dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn ènìyàn padà sí kànga, àwọn obìnrin gbé korobá àti kẹ́ẹ̀gì kiri, ọkọ̀ agbómi di ohun tí gbogbo àdúgbò ń dúró dè. Nínú irú ìyà bẹ́ẹ̀, ohun mímu kan wà ní ìlú tí kò nílò ẹ̀rọ, tí kò nílò sísè, tí kòkòrò kànga kò dé inú rẹ̀. Àyà ìyá ọmọ ló wà. Ìyá ọmọ ló yẹ kí wọ́n wá omi tó mọ́ fún kó mu, nítorí òun ni òùngbẹ ń gbẹ. Ẹ̀mí àánú tó mú kí ìyá àgbà bu omi kò burú rárá. Ẹnu tó gbé e lọ ni kò tọ́.

Ìyá àgbà ní èsì, mo sì mọ̀ ọ́n, nítorí gbogbo wa la ti gbọ́ ọ: "A fún ẹ̀yin náà lómi, a fún yín lágbo, ẹ sì dàgbà, ẹ kàwé débi tí ẹ ti ń kọ́ wa." Ọ̀rọ̀ náà dùn, ó sì máa ń pa ènìyàn lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tó yè nìkan ló ń jẹ́rìí nínú ẹjọ́ yìí. Bí gbogbo ọmọ ayé àtijọ́ bá yè, kí ló dé tí orúkọ wa fi kún fún Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́, Kòkúmọ́? Ilé wo ni kò ní ẹni tó ń jẹ́ ọ̀kan nínú wọn? Àwọn tó bí wa ń bẹ ọmọ pé kó dúró, nítorí wọ́n ti sin èyí tó ṣáájú rẹ̀. N kò sọ pé omi ló pa gbogbo wọn o. Ibà wà níbẹ̀, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ìgbóná wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru wà níbẹ̀ pẹ̀lú, a kò sì lè máa pe èyí tó yè wá jẹ́rìí ká gbàgbé àwọn tó wà nílẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìyá àgbà ti mọ ìdajì òtítọ́ náà jù wá lọ. Nígbà tiwọn, ọmọ ń mu ọmú fún ọdún méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Nígbà tí John Caldwell àti Pat Caldwell ṣe ìwádìí láàárín Yorùbá ní àwọn ọdún 1970, wọ́n bá àwọn ìyá tí kì í bá ọkọ sùn ní gbogbo àkókò tí ọmọ fi wà lẹ́nu ọmú, torí ìgbàgbọ́ pé àtọ̀ ń ba omi ọyàn jẹ́. Àlàyé náà kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ kò kéré: ìyá ń sinmi, ọmọ ń lágbára kí àbúrò tó dé. Lónìí a mọ̀ pé ọmú fúnra rẹ̀ ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Ní 1988, àwọn onímọ̀ tó pàdé ní Bellagio ní Ítálì fẹnu kò pé obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́fà, tó ń fún un ní ọmú láìfi nǹkan gúnmọ́ dí i, tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò sì tíì padà, ewu pé yóò lóyún kò tó méjì nínú 100. Bí omi àti wàrà agolo bá ti gba ẹnu ọmọ, ààbò náà ń lọ. Ọkọ tó ń kùn pé oyún tètè dé, kó lọ wo ife tó wà lórí tábìlì.

Àǹfààní ìyá kò tán síbẹ̀. Bí ọmọ bá gbé ẹnu lé ọmú ní kété tí wọ́n bí i, ilé ọmọ ń sún kì, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ń dín kù; ẹni tó bá mọ bí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ṣe ń pa obìnrin ní ilẹ̀ wa yóò mọ ohun tí èyí jẹ́. Ní 2002, wọ́n kó ìwádìí 47 láti orílẹ̀-èdè 30 jọ, wọ́n sì rí i pé oṣù 12 kọ̀ọ̀kan tí obìnrin bá fi fún ọmọ lọ́mú ń gé ewu jẹjẹrẹ ọmú kù ní ìwọ̀n 4.3 nínú 100. Obìnrin tó bí mẹ́rin, tó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọdún méjì, ẹ ṣírò rẹ̀ wò.

Ní ti ọmọ, kò yẹ ká lọ jìnnà. Ní Kintampo, ní Ghana tí a jọ pa ààlà, wọ́n tẹ̀lé ọmọ tuntun tó ju 10,000 lọ. Àbọ̀ rẹ̀ tó jáde ní 2006 ni pé bí gbogbo ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ ọmú láàárín wákàtí àkọ́kọ́, nínú 100 ọmọ tó ń kú nínú oṣù àkọ́kọ́, bí 22 lè yè. Wákàtí àkọ́kọ́! Omi ọmú tó pọ́n bí ọsàn, tí àwọn kan ṣì ń fún dànù pé ó ti díbàjẹ́, òun ni àjẹsára tí ọmọ kọ́kọ́ gbà láyé, kò sì ní abẹ́rẹ́ nínú. Ní 2016, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ṣírò rẹ̀ fún gbogbo ayé: bí fífún ọmọ lọ́mú bá gbilẹ̀ bó ṣe yẹ, ọmọdé 823,000 ni kò ní kú lọ́dọọdún, pẹ̀lú ìyá 20,000 tí jẹjẹrẹ ọmú ì bá pa.

Àwa tí a kàwé ní ẹ̀ṣẹ̀ tiwa, agolo ni orúkọ rẹ̀. Dókítà Cicely Williams, tó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast ní àwọn ọdún 1930, tó sì gba orúkọ kwashiorkor láti ẹnu àwọn Ga, dìde ní Singapore ní 1939, ó sì sọ níwájú àwọn ènìyàn ńlá pé ìpànìyàn ni títa wàrà agolo fún ìyá tí ọmú rẹ̀ ń ṣàn. Ní 1981, Àpéjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìlànà láti dá ìpolówó rẹ̀ dúró. 118 orílẹ̀-èdè dìbò fún un, Amẹ́ríkà nìkan ló ta kò ó. Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀ ṣe òfin lórí rẹ̀ ní 2013. Síbẹ̀, agolo ṣì ni ẹ̀rí pé ọkọ rí jájẹ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, tàbí tí àìsàn kan kò jẹ́ kó lè fún un lọ́mú, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má ra agolo fún un. Ṣùgbọ́n ní gúúsù Brazil, ìwádìí 1987 fi hàn pé ọmọ tí wọ́n fi wàrà mìíràn kún ọmú rẹ̀ wà nínú ewu ikú ìgbẹ́ gbuuru ní ìlọ́po mẹ́rin ju ẹni tí wọn kò fún ní wàrà mìíràn. Èyí tí kò rí ọmú rárá, ìlọ́po 14.

Àwọn kan á ní ọjà ni kò jẹ́. Òfin iṣẹ́ Côte d'Ivoire fún obìnrin ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14, ó sì tún fún un ní wákàtí kan lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú títí ọmọ yóò fi pé oṣù 15. Òfin tó dára ni, fún ẹni tó ní ọ̀gá. Obìnrin tó ń ta aṣọ tàbí ike lọ́jà, ta ni yóò gba wákàtí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣùgbọ́n òun náà ni ọjá wà lára rẹ̀, tí kò sí ẹni tó lè ní kó má pọn ọmọ wá sí ìsọ̀. Ọjọ́ tó bá lọ ra ọjà ní Àbíjàn ni ọ̀rọ̀ ń le. Ọjọ́ yẹn, ó lè fún omi ọmú sínú ife tó mọ́, kó dé e, kó gbé e sínú fìríìjì. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan á yínmú sí i. Wọn kì í yínmú sí wàrà màlúù tó ti wà nínú agolo fún ọdún kan.

Gbogbo rẹ̀ tún gbé wa padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ẹ wò ó bó ṣe ń lọ. Ìyàwó bímọ ní Bouaké, wọ́n ránṣẹ́ sílé. Ìyá àgbà wọ ọkọ̀ láti Èjìgbò, ó la Benin, Togo àti Ghana kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó dé pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, àdí àti egbòogi nínú báàgì. Ó wá wẹ ọmọ. Ta ló fẹ́ sọ fún un pé ohun tó ru wá láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ kò wúlò? Ọmọbìnrin ọmọ ogún ọdún tó wà lórí ìkúnlẹ̀? Agbẹ̀bí ti bá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ ní Faransé. Ìyá àgbà kò gbọ́ Faransé. Ohun tí ọmọbìnrin náà yóò gbé dé ilé ni "wọ́n ní kí n má fún un lómi", ìdáhùn rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀: "Ta ni wọ́n? Ṣé àwọn ló bí ọkọ rẹ?"

Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ tí wọ́n ti ń wádìí láti ọdún gbọ́ọ́rọ́ ṣe ń kú lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Kì í ṣe pé obìnrin àgbà náà ya olóríkunkun. Kò sí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún un débi pé ó jókòó tì í, kó fi èdè rẹ̀ ṣàlàyé fún un pé inú omi ọyàn ni omi wà. Ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ kí ọmọ yè, kó pe ìyá àgbà wọlé, kó fún un ní àga, kó bá a sọ ọ́ ní Yorùbá, ní Dioula, ní Baoulé. Bí nọ́ọ̀sì kò bá gbọ́ Yorùbá, ọmọ Yorùbá tó gbọ́ Faransé kò wọ́n ní Bouaké. Àwa la wà níbẹ̀. Àwa la sì ń dákẹ́, tí a ń pe ìdákẹ́ wa ní ọ̀wọ̀ àgbà. Ọkọ ló burú jù nínú wa: ó ti ka gbogbo rẹ̀ lórí fóònù, ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó fi ìyàwó sílẹ̀ kó dá ìyá òun lóhùn. Ìyá tirẹ̀ ni! Òun ló yẹ kó dọ̀bálẹ̀, kó ní, "Ìyá mi, ẹ ṣeun, ẹ bá wa wẹ ọmọ, ẹ bá wa pọ̀n ọ́n, ẹ bá wa se ọbẹ̀ gbígbóná fún ìyá rẹ̀, omi yẹn, ẹ jẹ́ kó di oṣù mẹ́fà."

Àwọn àlùfáà náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Bouaké ni Mùsùlùmí, Kùránì sì sọ ọ̀rọ̀ ọdún méjì gbáko fún ìyá tó bá fẹ́ parí rẹ̀. Ẹ wàásù rẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, nígbà tí ìyá àgbà jókòó síwájú tí gbogbo ẹbí pé. Ọjọ́ yẹn kan náà ni a máa ń fi omi, oyin àti iyọ̀ kan ẹnu ọmọ ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá. Oyin kò tọ́ sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, nítorí kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tí ìfun ọmọ ọwọ́ kò lè borí. Àdúrà kò ní bàjẹ́ bí ìyá ọmọ bá gbà á lẹ́nu dípò ọmọ. Kí wọ́n wúre, kí ó tọ́ oyin, kí ó tọ́ iyọ̀, kí ó mu omi náà tán nínú ife. Ọmọ yóò gba ìpín tirẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí àlejò tó túká.